Ìtọ́jú Kúrùnà, Eégbọn àti Àwọn Kòkòrò Mìíràn Tó Ń Fi Ara Ajá Ṣelé

Àwọn kòkòrò tó ń da awọ ajá láàmú kò fi ibì kan náà ṣe ibùgbé. Òmíràn ń gbẹ́ ihò gba abẹ́ awọ lọ, òmíràn ń gbé ní ìdí irun, òmíràn kì í kúrò nínú etí, òmíràn sì wà tó jẹ́ pé inú ògiri ilé ló ti ń lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀, tí kì í wá sára ajá àyàfi nígbà tí ebi ẹ̀jẹ̀ bá ń pa á. Ìdí nìyí tí oògùn tó wo ajá Làgbájá sàn fi lè kùnà pátápátá lára ajá Tàmẹ̀dò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ajá méjèèjì ń họra bákan náà, tí irun wọn sì ń re bákan náà. Ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú awọ ajá ní láti kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè méjì: ibo gan-an ni kòkòrò yìí ń gbé, ọjọ́ mélòó sì ni ẹyin rẹ̀ ń lò kó tó di àgbà tí òun náà yóò máa yé ẹyin? Ìdáhùn àkọ́kọ́ ni yóò sọ irú oògùn tó lè dé ọ̀dọ̀ kòkòrò náà, èkejì ni yóò sì sọ bí ìtọ́jú náà yóò ti gùn tó.

Àfòmọ́ ni orúkọ gbogboogbò fún ohun ẹlẹ́mìí tó ń gbé lára ẹlẹ́mìí mìíràn, tó sì ń jẹun níbẹ̀ láìṣe é lóore kankan. Bí wọ́n bá ti dàgbà, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ ni eégbọn àti máìtì, ìyẹn àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń fa kúrùnà, ìbátan aláǹtakùn sì ni àwọn méjèèjì. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà ni yọ̀rọ̀, kòkòrò pẹlẹbẹ aláìníyẹ̀ẹ́ tó máa ń fò sókè lójijì nígbà tí ènìyàn bá ya irun ajá wò. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà náà ni iná ara ajá, tó máa ń lẹ ẹyin rẹ̀ mọ́ irun. Ìyàtọ̀ yìí ní ìwúlò nídìí ìtọ́jú, nítorí pé àwọn oògùn kan wà tó ń pa yọ̀rọ̀ láàárín wákàtí díẹ̀ tí kì í sì í ran eégbọn rárá, alájá tí kò bá sì mọ èyí yóò ra oògùn yọ̀rọ̀ wálé, yóò lò ó tán, yóò sì máa dá ẹni tó tà á lẹ́bi.

Kíka àmì lára ajá

Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ajá tó ń họra ní ìdí tó fi ń họra, ibi tó sì ti ń họra ni ìwé àkọ́kọ́ tí alájá gbọ́dọ̀ kà. Kúrùnà tó ń yún gan-an, èyí tí máìtì Sarcoptes ń fà, máa ń bẹ̀rẹ̀ ní bèbè etí, ní ìgúnpá, ní ọrùn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ní àyà àti ní ikùn níbi tí irun kò ti pọ̀, ó sì sábà máa ń fi gbogbo ẹ̀yìn sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Yọ̀rọ̀ ní tirẹ̀ fẹ́ràn ìbàdí, ìdí ìrù àti ẹ̀yìn itan. Bí irun bá re yí ojú ká tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu àti lórí ẹsẹ̀ iwájú, tí ọmọ ajá náà kò sì họ ọ́ tó bẹ́ẹ̀, máìtì Demodex ni ó yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ fura sí. Eégbọn kò ṣòro láti rí, ṣùgbọ́n inú etí, àárín ìka ẹsẹ̀ àti abẹ́ okùn ọrùn ló ti ń sá pamọ́. Làpálàpá náà máa ń mú irun ajá re ní róbótó-róbótó, àmọ́ olu tó kéré púpọ̀ ló ń fa ìyẹn, oògùn kòkòrò kò sì lè wò ó.

Àyẹ̀wò méjì wà tí alájá lè ṣe fúnra rẹ̀ nílé. Èkíní ni ti etí: kí ó mú bèbè etí ajá láàárín àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀lé e, kí ó fi apá kan etí náà ra apá kejì fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí ó sì máa wo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà. Bí ẹsẹ̀ náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í họ afẹ́fẹ́, ó ṣeé ṣe púpọ̀ kí ó jẹ́ kúrùnà Sarcoptes, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì dájú tán. Èkejì ni ti yọ̀rọ̀: kí ó fi ìyarun eléyín wẹ́wẹ́ ya irun ìbàdí ajá, kí ó gbọn ohun dúdú wẹ́wẹ́ tó bá bá a jáde sórí pépà funfun tó ti rin díẹ̀, kí ó sì dúró. Iyẹ̀pẹ̀ lásán kò ní yí padà, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ yọ̀rọ̀, tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ajá tó ti gba inú kòkòrò náà kọjá, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọ̀ pupa ràkọ̀ràkọ̀ sára pépà náà. Ajá tó mọ́ tónítóní lè fi ẹnu gbá gbogbo yọ̀rọ̀ tó wà lára rẹ̀ mì kí alájá tó rí ẹyọ kan, síbẹ̀ pépà yìí yóò jẹ́rìí.

Àyẹ̀wò tó ga ju ìwọ̀nyí lọ jẹ́ ti dókítà ẹranko, ó sì yẹ kí alájá mọ bí wọ́n ti ń ṣe é kí ó lè dá iṣẹ́ gidi mọ̀ yàtọ̀ sí ìfojúdíwọ̀n. Dókítà yóò kán òróró sí ẹnu abẹ, yóò fi ìka méjì fún awọ ajá pọ̀ kí ohun tó wà ní ìdí irun lè gòkè wá, yóò sì máa fi abẹ náà ha ojú kan ṣoṣo, ní ọ̀nà tí irun gbà hù, títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi yọ fíntínfíntín. Ohun tó bá ha kúrò ni yóò tẹ́ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, tí yóò sì fi maikirosikóòpù wò. Lẹ́yìn tó bá ti rí máìtì, yóò ka mélòó ló wà láàyè, mélòó ló ti kú, ṣé ẹyin àti ọmọ wà níbẹ̀, nítorí pé iye yìí ni yóò fi wéra nígbà tí ajá bá padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Demodex kì í sábà ṣòro láti rí ní ọ̀nà yìí. Sarcoptes ní tirẹ̀ lè ṣàì fara hàn bí wọ́n tilẹ̀ ha ojú márùn-ún tàbí mẹ́fà, torí náà bí àmì bá péye tí maikirosikóòpù kò sì rí nǹkan kan, dókítà tó mọṣẹ́ yóò fún ajá ní oògùn Sarcoptes, yóò sì wo bí ara rẹ̀ yóò ti dáhùn. Yunifásítì Ìbàdàn, Yunifásítì Ìlọrin àti FUNAAB ní Abẹ́òkúta ní ilé ìwòsàn ẹranko tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ibẹ̀ sì jẹ́ ibi tó dára fún ajá tí ìtọ́jú rẹ̀ ti dojú rú níbòmíràn.

Kúrùnà Sarcoptes

Ní ọdún 1687 ni Giovanni Cosimo Bonomo, dókítà kan ní ilẹ̀ Ítálì, kọ lẹ́tà tó fi hàn pé kòkòrò tí ojú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ló ń fa kúrùnà ènìyàn, lásìkò tí ọ̀pọ̀ oníṣègùn ṣì gbà pé ẹ̀jẹ̀ tó bàjẹ́ ló ń fà á. Máìtì tó wà lára ajá jẹ́ ẹ̀yà kòkòrò náà gan-an tó ti bá ara ajá mu. Abo rẹ̀ a gbẹ́ ọ̀nà sínú awọ òkè, a máa yé ẹyin bó ti ń lọ. Ẹyin a pa láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọmọ á sì di àgbà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Itọ́ àti ìgbẹ́ kòkòrò náà ni ara ajá ń bínú sí jù lọ, èyí ló sì fà á tí máìtì tí kò ju díẹ̀ lọ fi lè mú kí ajá máa họra tọ̀sántòru, kí awọ rẹ̀ nípọn kí ó sì hunjọ, kí ó sì rù.

Àrùn yìí ń ràn gan-an. Gbogbo ajá tó wà nínú ọgbà kan náà gbọ́dọ̀ gba ìtọ́jú lọ́jọ́ kan náà, àti èyí tó ń họra àti èyí tí kò họra, nítorí pé ẹni tó bá tọ́jú ọ̀kan ṣoṣo nínú ajá mẹ́ta ti fi ibi tí kúrùnà yóò gbà padà sílẹ̀ ní ṣíṣí. Ibùsùn ajá ni kí wọ́n fi omi gbígbóná fọ̀ tàbí kí wọ́n sun ún, nítorí pé máìtì náà lè wà láàyè níta ara ajá fún ọjọ́ díẹ̀. Lẹ́yìn tí oògùn bá ti wọlé, ara lè ṣì máa yún ajá náà fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, torí pé òkú kòkòrò ṣì wà lábẹ́ awọ. Kí alájá má ṣe rò pé oògùn kò ṣiṣẹ́ kó wá sáré fi òmíràn lé e. Àṣìṣe òdìkejì rẹ̀ náà wọ́pọ̀: ìhọra dáwọ́ dúró lọ́sẹ̀ kejì, alájá dá oògùn dúró, ẹyin tó ṣẹ́kù sì pa.

Demodex àti agbára ìdáàbòbò ara

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ajá ló ní Demodex díẹ̀ nínú ihò irun rẹ̀. Ara ìyá ni ọmọ ajá ti ń gbà á, láàárín ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́ tó fi ń mu ọmú, lẹ́yìn ìgbà náà kì í sábà ràn láti ara ajá kan sí òmíràn. Kòkòrò tẹ́ẹ́rẹ́ yìí kì í ṣe wàhálà níwọ̀n ìgbà tí agbára ìdáàbòbò ara ajá bá lè kó o níjàánu. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí agbára náà bá dínkù, tí máìtì wá pọ̀ rẹpẹtẹ nínú ihò irun, tí irun ń re, tí ihò náà bẹ́, tí bakitéríà sì bá a wọlé, tí awọ wá ń ṣọyún tó sì ń rùn.

Ohun tó yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ ṣe ni láti mọ bó ti tàn tó. Ọmọ ajá tí ojú méjì tàbí mẹ́ta péré ti pá lára rẹ̀, tó ń jẹun tó sì ń ṣeré, yóò sàn fúnra rẹ̀ láàárín oṣù kan sí méjì ní ọ̀pọ̀ ìgbà, bí wọ́n bá ti fún un lóúnjẹ gidi tí wọ́n sì yọ aràn inú rẹ̀. Dída oògùn líle bo irú ọmọ ajá bẹ́ẹ̀ kò pọndandan. Èyí tó bá tàn kárí ara, tàbí tó bá mú gbogbo ẹsẹ̀ títí dé àtẹ́lẹsẹ̀, jẹ́ ọ̀rọ̀ dókítà, ìtọ́jú rẹ̀ sì lè gba oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ń lò láti mọ òpin rẹ̀ ni pé kí wọ́n ha awọ ajá náà lẹ́ẹ̀mejì, kí oṣù kan wà láàárín, kí maikirosikóòpù má sì rí máìtì tàbí ẹyin kankan lẹ́ẹ̀mejèèjì. Irun tó hù padà kò tó ẹ̀rí.

Kókó kan wà nídìí Demodex tó yẹ kí gbogbo alájá mọ̀ dunjú: sítẹ́rọ́ìdì ni ọ̀tá ajá tó ní in. Oògùn bíi prednisolone àti dexamethasone máa ń pa ìyúnra lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ìdí sì nìyí tí àwọn kan fi máa ń gún ajá ní abẹ́rẹ́ rẹ̀ láìṣàyẹ̀wò, tí àwọn alájá mìíràn sì ń fi ìpara ènìyàn tó ní sítẹ́rọ́ìdì nínú pa ojú ibi tó pá. Ara á kọ́kọ́ rọ̀ ọ́, alájá á sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n agbára tó ń kó máìtì níjàánu gan-an ni oògùn náà ń paná, nígbà tó bá sì fi máa di ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ojú kan ti di gbogbo ara. Bákan náà, ajá tó ti lé ní ọdún mẹ́rin tí Demodex ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀ sábà máa ń gbé àmì àrùn mìíràn kiri: àìsàn omi ìsúnniṣe ara, jẹjẹrẹ, tàbí sítẹ́rọ́ìdì tí wọ́n ti ń fún un tipẹ́. Àrùn ìsàlẹ̀ yìí ni kí dókítà wá rí. Ajá tí Demodex rẹ̀ tàn kárí ara ní kékeré kò yẹ fún bíbí, yálà akọ tàbí abo, nítorí pé àléébù inú ara tó fà á lè bá ẹ̀jẹ̀ lọ sára ọmọ. Ẹni tó ń ta ọmọ ajá gbọ́dọ̀ lágbára ọkàn láti tẹ̀ lé èyí.

Máìtì inú etí

Otodectes kì í gbẹ́ awọ. Ojú awọ inú etí ló ń gbé, ó sì wọ́pọ̀ lára ológbò ju ajá lọ. Àmì rẹ̀ ni ìdọ̀tí dúdú tó dà bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí nínú etí méjèèjì, pẹ̀lú orí tí ajá ń gbọ̀n ṣáá. Kí wọ́n fi òróró ólífì àti òwú rọra nu etí náà, kí wọ́n má ṣe ki igi òwú wọ inú, lẹ́yìn náà kí dókítà fún un ní oògùn tó bá a mu, kí wọ́n sì tọ́jú ológbò ilé pẹ̀lú.

Eégbọn àti yọ̀rọ̀: ogun inú ilé

Eégbọn aláwọ̀ igi tó wọ́pọ̀ jù lára ajá, Rhipicephalus sanguineus, yàtọ̀ sí àwọn eégbọn igbó tí ajá ọdẹ ń kó bọ̀, ní ti pé ó lè gbé gbogbo ayé rẹ̀ nínú ilé àti ọgbà. Ó ń gun ara ajá lẹ́ẹ̀mẹta, nígbà ọmọ, nígbà ọ̀dọ́ àti nígbà àgbà, bó bá sì ti mu ẹ̀jẹ̀ yó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni yóò já bọ́, tí yóò wá ihò ògiri, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tàbí abẹ́ pákó lọ. Abo tó ti yó a máa yé ẹyin tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan sínú irú ihò bẹ́ẹ̀ kí ó tó kú. Àwọn tí kò tíì rí ẹ̀jẹ̀ mu lè fara da ebi fún ọ̀pọ̀ oṣù. Alájá tó bá ń já eégbọn lára ajá lójoojúmọ́ tí kò sì wo ògiri ilé ajá kò ní rí òpin iṣẹ́ náà láé.

Nítorí náà, kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì dí gbogbo ibi tó sán lára ògiri ilé ajá, kí wọ́n gbé ajá àti ológbò kúrò, kí wọ́n fi oògùn tí àkọlé rẹ̀ fàyè gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fọ́n ògiri láti ìsàlẹ̀ dé òkè àjà, torí pé eégbọn tó yó máa ń gun òkè, kí wọ́n sì tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ nítorí ẹyin tó máa pa. Ajá kò gbọ́dọ̀ padà síbẹ̀ títí ohun tí wọ́n fọ́n yóò fi gbẹ. Èyí tó bá ti so mọ́ awọ ni kí wọ́n fi ẹ̀mú kékeré dì mú níbi tó ti wọ awọ gan-an, kí wọ́n fà á tààrà láìyí i, kí wọ́n sì jù ú sínú ọtí líle. Kí wọ́n má ṣe fi èékánná fọ́ ọ, kí wọ́n má fi iná sun ún, kí wọ́n má sì da kẹrosíìnì sí i, nítorí pé eégbọn tí wọ́n bá ni lára lè pọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ ajá.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ yìí ló ń pa ajá ju ìyúnra lọ. Babesia, tó ń bẹ́ ẹ̀jẹ̀ pupa, àti Ehrlichia, tó ń gbé inú ẹ̀jẹ̀ funfun, wà ní ilẹ̀ Nàìjíríà, eégbọn ló sì ń gbé wọn kiri. Ajá tí ara rẹ̀ gbóná, tí kò jẹun, tí èrìgì rẹ̀ funfun, tí ojú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú kò gbọ́dọ̀ sun ilé mọ́jú kí ó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, àní bí wọn kò bá tilẹ̀ rí eégbọn kan lára rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ti yọ̀rọ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀. Abo kan lè yé ẹyin tó tó 40 lóòjọ́, ẹyin náà á sì máa já bọ́ síbi gbogbo tí ajá bá sùn sí. Èyí tí ènìyàn ń rí lára ajá kò ju díẹ̀ lọ nínú gbogbo yọ̀rọ̀ ilé; ẹyin, ọmọ àti èyí tó wà nínú èèpo rẹ̀ ló pọ̀ jù, inú kápẹ́ẹ̀tì, iyanrìn àti ibùsùn sì ni wọ́n wà. Oògùn kì í tètè ran èyí tó wà nínú èèpo, èyí ló sì mú kí yọ̀rọ̀ tún máa yọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí ìtọ́jú ti bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n máa gbá ilẹ̀, kí wọ́n máa sá ibùsùn sóòrùn, kí oògùn ara ajá má sì wọ́n fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán. Yọ̀rọ̀ tí ajá bá gbé mì lè fún un ní aràn pẹlẹbẹ, nítorí náà oògùn aràn wà lára ìtọ́jú yọ̀rọ̀.

Ìdin abẹ́ awọ

Ní àgbègbè olóoru ilẹ̀ Áfíríkà, eṣinṣin Cordylobia anthropophaga ń yé ẹyin sí orí iyanrìn tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ti kàn, àti sára aṣọ tí kò gbẹ tán. Ìdin tó pa á dúró de ara tó lọ́wọ́ọ́wọ́ọ́, á sì gbẹ́ ihò wọ inú awọ láìjẹ́ pé ajá mọ̀. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, oówo kékeré kan á yọ, á sì ní ihò ṣóńṣó lójú, níbi tí ìdin náà ti ń mí. Ikùn, ẹsẹ̀ àti abẹ́ ìrù ọmọ ajá ló máa ń pọ̀ sí jù. Kí wọ́n fi básílíìnì dí ihò náà pa fún bí ìdajì wákàtí kí ìdin lè gòkè wá mí, kí wọ́n fi ìka méjì rọra tẹ awọ láti ìsàlẹ̀, kí wọ́n fi ẹ̀mú fà á jáde ní odindi. Bí ìdin bá bẹ́ sínú, ojú ibẹ̀ á wú, á sì lè ṣọyún. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n fi omi apakòkòrò fọ ojú egbò, kí wọ́n sì kó ibùsùn ọmọ ajá kúrò lórí iyanrìn.

Oògùn àti ìwọ̀n rẹ̀

Ìtọ́jú àwọn kòkòrò wọ̀nyí rọrùn sí i lẹ́yìn ọdún 2013, nígbà tí ìran oògùn tí wọ́n ń pè ní isoxazoline bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọjà. Afoxolaner, fluralaner, sarolaner àti lotilaner ni orúkọ wọn. Ẹnu ni ajá ń gbà jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n á wọ inú ẹ̀jẹ̀, wọ́n á sì pa yọ̀rọ̀ àti eégbọn tó bá bù ú jẹ, wọ́n sì ń dé ọ̀dọ̀ Sarcoptes àti Demodex pẹ̀lú. Fluralaner ń dáàbò bo ajá lọ́wọ́ yọ̀rọ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12, àwọn yòókù fún nǹkan bí oṣù kan. Wọ́n gbówó lórí, ṣùgbọ́n tí alájá bá ṣírò owó ọṣẹ, ìpara àti abẹ́rẹ́ tí kò ṣiṣẹ́, ó lè rí i pé àwọn ni owó wọn kéré jù. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, àjọ FDA ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé wọ́n lè fa gbígbọ̀n tàbí wárápá lára àwọn ajá kan, torí náà ajá tí gìrì tàbí wárápá ti ṣe rí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà.

Ivermectin ni oògùn tó wà lárọ̀ọ́wọ́tó jù ní Nàìjíríà, òun náà ni ìlòkulò rẹ̀ pọ̀ jù. Inú iyẹ̀pẹ̀ ilẹ̀ Japan ni Satoshi Ōmura ti rí bakitéríà tó mú un wá, William Campbell bá a dé ibi tó fi di oògùn, àwọn méjèèjì sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2015. Oògùn tó dára ni nígbà tí ìwọ̀n rẹ̀ bá péye. Ṣùgbọ́n ìgò tí wọ́n ń tà ní ilé ìtajà oògùn ẹran ọ̀sìn sábà máa ń jẹ́ ti màlúù: mílígíráàmù 10 ló wà nínú mílílítà kan, mílílítà kan náà sì ni wọ́n là sílẹ̀ fún màlúù tó wọn kílò 50. Ọmọ ajá tó wọn kílò mẹ́rin yóò wá nílò nǹkan bíi 0.08 mílílítà péré lórí ìṣirò kan náà, ìwọ̀n tí sírínjì lásán kò lè fà dáadáa. Ẹni tó bá fa mílílítà kan gún un ti fún un ní ìlọ́po méjìlá àti ààbọ̀. Ojú rẹ̀ á ràn, á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀, ó sì lè dákú. Kò sì sí oògùn kan pàtó tó ń pa agbára ivermectin. Àwọn ẹ̀yà ajá bíi Collie àti Australian Shepherd tún ní ewu tiwọn, nítorí pé àbùkù kan nínú èròjà àbínibí wọn, tí wọ́n ṣàwárí ní ọdún 2001, máa ń jẹ́ kí oògùn náà wọ inú ọpọlọ wọn, ajá tó dàpọ̀ mọ́ irú wọn sì lè ní àbùkù yìí láìjẹ́ pé ìrísí rẹ̀ sọ ọ́. Kí alájá gbé ajá sórí òṣùwọ̀n, kí dókítà fúnra rẹ̀ sì ṣe ìṣirò.

Amitraz ni wọ́n ń pò mọ́ omi láti wẹ ajá tó ní eégbọn tàbí Demodex. Ó ń múni sùn, ó sì ń mú kí ọkàn lù díẹ̀díẹ̀, nítorí náà kò yẹ fún ọmọ ajá kékeré, ẹni tó bá ní ìtọ̀ ṣúgà kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Permethrin ń ṣiṣẹ́ lára ajá ṣùgbọ́n ó ń pa ológbò, ìyẹn ni pé ilé tí ológbò bá wà gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún un. Imí ọjọ́, tí àwọn àgbàlagbà ń pò mọ́ àdín, ń pa máìtì ní tòótọ́. Àwọn dókítà pàápàá ṣì ń lo omi imí ọjọ́ àti ẹfun fún ọmọ ajá tí oògùn líle kò tọ́ sí. Àléébù àpòpọ̀ ilé ni pé ìwọ̀n rẹ̀ kò dúró sójú kan, ajá a sì máa lá a.

Àwọn ohun kan wà tí kò ní ìwọ̀n tó dára rárá. Kẹrosíìnì àti ọ́ìlì ọkọ̀ tí wọ́n ti yọ máa ń jó awọ tó ti bó tẹ́lẹ̀, ajá á lá wọn, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín rẹ̀ á sì san gbèsè náà. Ọ̀tápíapía àti àwọn oògùn apakòkòrò Dichlorvos mìíràn burú jù wọ́n lọ, nítorí pé awọ ló ń gbà wọlé: itọ́ á máa yọ, iṣan á máa gbọ̀n, ọmọ ojú á súnkì, èémí á di ìnira, ajá sì lè kú láàárín wákàtí díẹ̀. Ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC ilẹ̀ Nàìjíríà fòfin de títa Dichlorvos inú ìgò kékeré nítorí ìparun tó ń ṣe fún ènìyàn pàápàá. Bí wọ́n bá ti fi irú oògùn yìí ra ajá lára, kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́, kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú ìgò náà, nítorí atropine tí dókítà ní lọ́wọ́ lè gbà á là bó bá tètè dé.

Awọ tó ti bó tún nílò ìtọ́jú lẹ́yìn kòkòrò. Ọṣẹ ajá tó ní chlorhexidine ni kí wọ́n fi wẹ̀ ẹ́, kí wọ́n fi ìfófòó rẹ̀ sílẹ̀ lára rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n tó ṣàn án, nítorí pé ọṣẹ tí wọ́n bá tètè ṣàn kúrò kò ráyè ṣiṣẹ́. Ọṣẹ dúdú le jù fún irú awọ bẹ́ẹ̀.

Ti àwọn ènìyàn inú ilé náà ṣe pàtàkì. Sarcoptes ajá lè bọ́ sára ẹni tó ń gbé e mọ́ra, kí ó sì mú kí apá, ikùn tàbí itan rẹ̀ yọ kókó pupa tó ń yún, pàápàá lára ọmọdé. Kòkòrò náà kì í lè tọ́ ìran dàgbà lára ènìyàn, torí náà ó sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wo ajá sàn. Bí ó bá pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ẹni náà gbọ́dọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, kí ó sì sọ fún dókítà pé ajá tó ní kúrùnà wà nílé, torí pé láìsí ọ̀rọ̀ yìí wọ́n lè máa fún un ní oògùn ìyúnra lásán.